Amọ̀

Ẹni tó ń gbẹ́ kànga ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ máa ń mọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan amọ̀: ilẹ̀ á máa fà, á máa lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì. Amọ̀ kì í ṣe ẹrẹ̀. Ilẹ̀ èyíkéyìí tí omi bá rin gbingbin lè di ẹrẹ̀. Amọ̀ ló ń gba àwòrán tí ọwọ́ bá fún un, tó sì ń dì í mú. Abájọ tí àwọn baba wa fi ní amọ̀ ni Ọbàtálá fi mọ ènìyàn.

Amọ̀kòkò a máa gún àpáàdì mọ́ amọ̀ kí ìkòkò má baà sán nínú iná. Lónìí, amọ̀ gan-an ni wọ́n ń fi ki nǹkan mìíràn láyà. Wọ́n ń po lẹ́búlẹ́bú igi, irú èyí tó ń ga bí òkìtì ní sọ́míìlì, mọ́ ike tó lè jẹrà, tí wọ́n fi ṣúgà àgbàdo ṣe. Pákó tó ń tibẹ̀ jáde a máa mu omi, a sì wú. Amọ̀ díẹ̀ ń dínà fún omi náà, torí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tín-ín-rín ló tò léra. Ṣùgbọ́n omi ni amọ̀ fẹ́, kò fẹ́ ike. Àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi kẹ́míkà tó bá ọ̀rá tan tọ́jú rẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n tọ́jú báyìí ni mo pè ní amọ̀ àtúnṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú àti ti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU ní Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.