Ibi Tí Ọ́ìlì Ń Kán Sí Kọ́ Ló Ti Ń Jò

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nínú òwe yìí ni pé ọ̀ràn ńlá ni kí a kọ́kọ́ mójú tó, kí a tó kan kékeré. Ó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ òwe náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Làpálàpá máa ń yún ni. Ojú ń rí i, ọwọ́ ń họ ọ́. Ẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń pa ara kú, débi pé ojú ibi tó bá wà kì í mọ ìrora mọ́. Ẹni tó ń pa làpálàpá ń ṣiṣẹ́, kódà ó lè máa làágùn níbi iṣẹ́ náà, àmọ́ ohun tó ń yún un ló gbájú mọ́, ohun tó ń jẹ ẹ́ run kò sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ tó ń jò.

Ẹ jẹ́ ká mú Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen jọ ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry, Ìjàpá sì wà lára wọn. Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn lágbàáyé ní 2003, nígbà tí iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21. Àwọn tó ṣì ní ọ̀kan nílé mọ bó ṣe máa ń rí: ilẹ̀ mọ́, abẹ́ ọkọ̀ ti dúdú.

Ẹ́ńjìnì Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tù ú, nítorí náà ẹ yọ omi kúrò nínú ẹjọ́ náà. Ó ku ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì, ọ́ìlì bíréèkì àti epo bẹntiróòlù. Imú àti ìka ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ki, ó sì ń rùn bí imí-ọjọ́; ọ́ìlì bíréèkì máa ń bó ọ̀dà. Tó bá jẹ́ bẹntiróòlù ni, ẹ má ṣe ṣáná sí ọkọ̀ náà rárá títí ẹ ó fi pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo. Iná ti jó Ìjàpá púpọ̀ nítorí rọ́bà tó ti gbó.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń tan ni jẹ jù. Fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn láti òkè sísàlẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà náà ń ti ọ́ìlì sẹ́yìn, nítorí náà ọ̀nà rẹ̀ máa ń jìn kó tó kán. Ọ́ìlì kúlà dúró lókè, lápá òsì ẹ́ńjìnì. Bí síìlì rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bá gan, ọ́ìlì á ṣàn gba ara sílíńdà kẹta àti ìkẹrin, á sì tẹ́ sórí àwọn páìpù púṣì-ròòdù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mẹkáníìkì wọlé sábẹ́ ọkọ̀, ó rí páìpù tó tutù, ó ní síìlì páìpù ti lọ. Páìpù mẹ́jọ ló wà, síìlì 16. Kí èèyàn tó lè pààrọ̀ wọn bó ṣe yẹ, tọ́ọ̀pù sílíńdà méjèèjì gbọ́dọ̀ sọ̀. Owó ńlá nìyẹn, ọkọ̀ á sì tún jò lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọ ẹ́ńjìnì náà. Ẹ fi ọ̀rá bo kàbúrétọ̀ àti dísítíríbútọ̀, ẹ fọ gbogbo ìdọ̀tí kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ wá bu pàúdà funfun sí i lára, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó ṣáná sí i. Ọ́ìlì á fa ìlà sójú pàúdà. Ẹ má wo ìsàlẹ̀ ìlà náà. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tọ ọ́ gòkè títí ẹ ó fi dé ibi tó ga jù tó tutù. Àwọn kan máa ń da àró kan sínú ọ́ìlì, èyí tó ń tàn lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò. Ó dára, ṣùgbọ́n pàúdà ọmọdé kì í parọ́.

Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo oríkèé ẹ́ńjìnì ló tutù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ẹ fi síìlì sílẹ̀ ná. Bí ríìngì písítìn bá ti jẹ, èéfín máa ń já wọ ikùn ẹ́ńjìnì. Bí páìpù tí ikùn náà fi ń mí bá dí, kò ní rí ọ̀nà jáde, á wá máa ti ọ́ìlì gba ibikíbi tó bá rọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn púlì. Volkswagen kò fi síìlì rọ́bà síbẹ̀. Ìlà tí wọ́n gbẹ́ sára púlì ló ń dá ọ́ìlì padà sínú, agbára èéfín sì máa ń borí rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́: bí èéfín bá ń tú gùdù, ríìngì ni ẹ bá wí. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Lítà méjì àbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnì yìí ń gbà. Bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnì kan bù ú sí i, awọ inú pọ́ńpù epo ti ya, bẹntiróòlù ń bọ́ sínú rẹ̀, ó sì ń là á. Ọ́ìlì tó bá ti là kì í dúró lẹ́yìn síìlì kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dáàbò bo bẹ́ríìnì.

Ọ́ìlì tó ń kán láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì máa ń béèrè pé kí a sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀. Bó bá ń rùn bí imí-ọjọ́, síìlì gíábọ́ọ̀sì ni. Bí kò bá rùn bẹ́ẹ̀, tó sì dúdú, síìlì ẹ̀yìn fúláì-wíìlì ni. Kí ẹ tó tẹ tuntun wọlé, ẹ wọn bí kíránkì-ṣáàfù ṣe ń sún síwá-sẹ́yìn: mìlímítà 0.07 sí 0.13 ló tọ́. Bó bá ti kọjá 0.15, ẹ pààrọ̀ ṣíìmù mẹ́ta tó wà níbẹ̀ kó lè bọ̀ sípò. Bó bá sì jẹ́ pé bẹ́ríìnì àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń mì nínú ikùn ẹ́ńjìnì, ẹ má fi síìlì ṣòfò. Ẹ tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀.