Ganvié: Àwọn wo ló ń gbé lórí ọ̀sà Nokoué?

Ẹ̀yin ará wa ní Kútọnu, ẹ mọ ọ̀sà Nokoué tó wà ní apá àríwá ìlú wa dáadáa. Orí ọ̀sà yẹn ni Ganvié wà. Èbúté Abomey-Calavi ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò ilé orí òpó, wọ́n á sì padà sílé. Lónìí, àwọn tó ń gbé inú ilé náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Iye wọn

Abúlé la máa ń pe Ganvié lẹ́nu, àmọ́ ó ti kọjá abúlé. Abẹ́ kọ́múùnù Sô-Ava ló wà. Ọ̀nà méje ni kọ́múùnù náà pín sí, Ganvié nìkan sì gba méjì: Ganvié 1 àti Ganvié 2. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2013, gbogbo Sô-Ava jẹ́ 118,547. Kútọnu jẹ́ 679,012.

Ibi tí wọ́n ti wá

Tofinu ni wọ́n. Èdè wọn sún mọ́ Fọ̀n àti Ègùn. Ìtàn àwọn baba wọn tọ́ka sí Tado, ní Tógò òde òní. Wọ́n ní àwọn tó ń kó ẹrú fún ọba Dàhòmì ló lé wọn wọ inú omi, torí pé àwọn jagunjagun ọba kì í jà lórí omi. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń túmọ̀ Ganvié sí àwùjọ àwọn tó ti là.

Iṣẹ́ àti ipò

Ọkùnrin ń pẹja, obìnrin ń yan án, ó sì ń tà á. Inú ọkọ̀ ni ọjà wọn wà. Ọmọdé ti ń wa ọkọ̀ kó tó dàgbà.

Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló dọ́gba o. Akájà ló ń pààlà láàárín olówó àti tálákà. Ẹ̀ka igi ni wọ́n máa ń rì mọ́ inú ọ̀sà kí ẹja lè sá sí i kó sì jẹun níbẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó ẹja. Igi náà ń náni lówó. Ẹni tí kò ní akájà, àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ló gbójú lé, ibi tó lè ju àwọ̀n sí sì ń dín kù. Ẹ̀ka tó bá jẹrà tún ń mú kí ọ̀sà kún. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ti ẹ̀sìn, ẹlẹ́sìn vodun, Kátólíìkì àti Sẹ̀lẹ́ ló ń gbé pọ̀. Àjàṣẹ́ ni Oschoffa ti dá Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947.

Ọ̀la wọn

Láti 1996 ni Ganvié ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ìjọba náà ti gbé iṣẹ́ àtúnṣe ibẹ̀ kalẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a rántí Mákòkó l'Ékòó, níbi tí àwọn Ègùn apẹja náà ń gbé orí omi: ní oṣù keje 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ wó lára ilé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tún Ganvié ṣe, kó kọ́kọ́ bi apẹja tí kò ní akájà léèrè, kó sì bi ìyá tó ń yan ẹja. Àwọn ni Ganvié.