Kí Ìjà Òṣèlú Má Tú Wa Ká: Ẹ̀kọ́ Wẹ́tìẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìkòsì, Kétu àti Mile 12, nílé lóko, ìdìbò 2027 ń bọ̀, ohùn sì ti ń le lórí àwọn gúrúùpù wa. Ẹni tí à ń pè ní ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀ ti di "ẹ̀yin APC" tàbí "ẹ̀yin Labour". Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò díẹ̀.

Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ni Ìkẹjà àti agbègbè tiwa yìí wà. Nítorí náà, ìjà Ìwọ̀-Oòrùn kì í ṣe ìtàn àwọn ará òkè nìkan. Tiwa náà ni.

Inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀. Olóyè Awólọ́wọ̀ ni olórí Action Group, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Olóyè Akíntọ́lá ni igbákejì rẹ̀, òun ló sì ń darí ìjọba n'Ìbàdàn. Nígbà tí àárín wọn dàrú, àwọn aṣòfin ju àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, 1962, àwọn ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Ní 1964, Akíntọ́lá àtàwọn èèyàn rẹ̀ dá NNDP sílẹ̀, èyí tí aráyé ń pè ní Dẹ́mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dìbò ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, 1965, ìjà àwọn ọ̀gá ti di ìjà aládùúgbò. Ìhà méjèèjì ló ní òun wọlé. Ni wọ́n bá ń da bẹntiróòlù sí ilé àti ara èèyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Wẹ́tìẹ̀ nìyẹn. Ó jà dé Mushin níbí.

Kí ni èrè rẹ̀? Ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, 1966, àwọn sójà gbàjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìjọba Ironsi fòfin de pátì 81. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òfin kan náà yẹn tú ẹgbẹ́ ẹ̀yà àti ti àṣà 26 ká. Àwọn tí ò gbé ìṣáná dání náà pàdánù ẹgbẹ́ wọn.

Ṣé a wá gbọ́n? Ní 1983, Ọmọbóríowó tó jẹ́ igbákejì Gómìnà Ajáṣin l'Oǹdó bọ́ sí NPN láti bá ọ̀gá rẹ̀ du ipò. Ilé jó, ẹ̀mí lọ. Kí ọdún tó parí, sójà ti padà dé, UPN àti NPN sì dàwátì.

Ẹ wo tiwa náà. Nínú ìdìbò ààrẹ 2023, Labour ní ìbò 582,454 l'Èkó, APC ní 572,606. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó 10,000. Ìyẹn ni pé àwọn méjèèjì wà ní gbogbo òpópónà. Bí a bá ní a ò ní bá ẹgbẹ́ kejì ṣe, ta la fẹ́ máa ra tòmátò lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mile 12? Nígbà ìdìbò gómìnà lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n lé àwọn olùdìbò kan láwọn apá kan l'Èkó nítorí ẹ̀yà wọn. Ibi tí èébú pátì ń gbé èèyàn dé nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun mẹ́ta péré la bẹ̀ yín fún. Ẹ má yọ ẹnikẹ́ni kúrò lórí gúrúùpù nítorí pátì tó ń ṣe. Ẹ má wọ fìlà tàbí aṣọ pátì wá sí ìpàdé. Bí ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ bá wọ fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.