Ajá Orí Yìnyín Nínú Ilé

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Siberian Husky, ajá onírun kíki tí ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín, ṣe ajá ilé, ó yẹ kí ó gbọ́ ìtàn Togo. Ẹ̀yà Chukchi ní Sìbéríà ni ó sin àwọn baba ńlá rẹ̀. Alaska ni a bí òun sí, lọ́dọ̀ Leonhard Seppala. (Orúkọ ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Japan ni wọ́n sọ ọ́, kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè tí ó múlé ti Benin.)

Ajá náà kéré, ara rẹ̀ kò sì le, ni Seppala bá fi í ta ẹnìkan lọ́rẹ. Wọ́n kẹ́ ẹ, wọ́n gẹ̀ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fò fọ́ gíláàsì fèrèsé jáde, ó sì sáré padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀.

Ní 1925, nígbà tí àrùn dìfitéríà ń pa ọmọdé ní Nome, Togo yìí ni ó ṣíwájú àwọn ajá Seppala nígbà tí wọ́n lọ pàdé oògùn lọ́nà: ju 250 máìlì lọ, ní àlọ àti àbọ̀. Òkìkí ìrìn náà tàn ká Amẹ́ríkà. Ní 1930, American Kennel Club fọwọ́ sí ìran ajá náà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń wọ ilé àwọn ẹni tí kò ní yìnyín, tí kò sì ní ọ̀nà jíjìn tí yóò sá.