Ooru Ìta, Ooru Inú: Ìtàn Aṣọ Panápaná

Igi àti bébà ni wọ́n fi ń kọ́lé ní Edo, ìlú tí a mọ̀ sí Tokyo lónìí, iná sì ń jó níbẹ̀ léraléra. Ti ọdún 1657 run ju ìdajì ìlú lọ. Nígbà tó di 1720, ìjọba kó àwọn ará àdúgbò jọ sí ẹgbẹ́ panápaná. Ẹ̀wù wọn jọni lójú: aṣọ òwú oníṣẹ̀ẹ́po, tí wọ́n rán mọ́ra, abẹ́rẹ́ kò jìnnà sí abẹ́rẹ́. Kí ọkùnrin tó wọnú iná, wọ́n á da omi lé e lórí títí ẹ̀wù á fi mu omi yó. Inú ẹ̀wù ni àwòrán dírágónì tàbí jagunjagun máa ń wà. Bí iná bá kú tán, onítọ̀hún á yí ẹ̀wù padà, á gbé àwòrán síta, á máa yan lọ sílé.

Omi ni ààbò wọn. Omi náà sì ni ewu wọn, torí bí ooru bá pọ̀ jù, á hó mọ́ni lára.

Ní 1824, James Braidwood di ọ̀gá panápaná ìlú Edinburgh ní Scotland. Títí dìgbà náà, òde ni àwọn èèyàn sábà máa ń dúró sí, tí wọ́n á máa da omi lu ilé. Braidwood ní kí àwọn tirẹ̀ wọlé lọ bá iná níbi tó ti ń jó, kí wọ́n máa rákò, nítorí òkè ni ooru àti èéfín ń gbà, ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí wà. Ògiri ló wó pa òun fúnra rẹ̀ níbi iná Tooley Street ní London, ní oṣù Kẹfà ọdún 1861.

Ìmọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí wà yìí kan náà ni Garrett Morgan, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, lò fún ìbòrí rẹ̀ ti 1914: ọ̀pá gígùn ló so mọ́ ọn, tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀.

Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni ilé iṣẹ́ DuPont gbé Nomex jáde, òwú tí kì í gbiná, tí kì í sì í yọ́. Ẹ̀wù di ìpele mẹ́ta. Pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, ẹrù panápaná lè tó 20 kìlógíráàmù. Ooru lábẹ́ àjà lè kọjá 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀wù náà á sì dí i fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ohun tó dí ooru ìta ló há ooru ara mọ́lé. Òógùn kò rí ibi gbẹ. Ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́, òógùn kì í tètè gbẹ lára ẹni tó wọ bùbá, ká má tíì sọ ẹni tó wọ ìpele mẹ́ta.

Àwọn àgbà panápaná máa ń sọ pé etí làwọn fi ń mọ ooru: bó bá ti ń ta wọ́n, wọ́n á jáde. Ìbòrí tuntun bo etí, ìkìlọ̀ yẹn sì parẹ́. Ọkàn ló ń jẹ ìyà ooru tó há mọ́ra. Ní Amẹ́ríkà, àrùn ọkàn ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn panápaná tó kú lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 1994 sí 2004.

Ìdí nìyí tí ìsinmi fi di ara iṣẹ́. Panápaná tó jáde á bọ́ ẹ̀wù, á jókòó sórí àga tó ní ọpọ́n omi tútù lápá méjèèjì, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba abẹ́ awọ kọjá á gbé ìtutù padà sí àyà. Wọ́n á ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Bó bá ṣì ń sáré, ẹlòmíràn ni yóò gba rọ́bà omi lọ́wọ́ rẹ̀.