Èémí Tiransifọ́mà

Bí a bá dé ìdí tiransifọ́mà, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í wo wáyà kí wọ́n tó wo ìgò kékeré tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1979 ni, NEPA, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ìjọba nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 7. “Àwọ̀ wo lo rí?” ni wọ́n máa ń bi mí. Bó bá dúdú bí aró ẹ̀lú, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó kọjá. Bó bá ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, iṣẹ́ délẹ̀ nìyẹn.

Tiransifọ́mà ń mí. Bí ẹrù iná bá wúwo lórí rẹ̀, òróró inú rẹ̀ á gbóná, á wú, á ti afẹ́fẹ́ jáde. Bó bá tutù, á fa afẹ́fẹ́ wọlé, tòun ti ọ̀rinrin. Omi díẹ̀ tó bá wọnú òróró yẹn ti tó kí iná fò láti ara wáyà kan sí èkejì. Ìgò yìí ló ń gba omi náà lọ́nà.

Kálíṣíọ̀mù kíláráìdì ni àwọn àgbà iṣẹ́ ń kó sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti mumi tán, ṣe ló ń yọ́. Lọ́dún 1919 ni Walter Patrick ti Yunifásítì Johns Hopkins, l'Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe sílíkà jẹ́ẹ̀lì. Èyí kì í yọ́. Kóbáltì tí wọ́n fi sí i ló ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà, ojú lásán sì tó rí i.

A máa ń yan án nínú agbada lórí iná jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yan gààrí, títí aró yóò fi padà sára rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn gan-an! Èyí tó bá ti mu òróró ni kò ṣe é yan mọ́.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo bá iléeṣẹ́ aládàáni kan ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ìgò tiransifọ́mà wọn kan ti pupa. Wọn ò ra jẹ́ẹ̀lì tuntun. Òru ọjọ́ òjò kan, tiransifọ́mà náà bú gbàù. Nígbà tí mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, omi ló kọ́kọ́ dà sínú ife mi, kí òróró tó tẹ̀ lé e. Ó dùn mí wọra.

Ìwádìí ti fi hàn pé kóbáltì yẹn lè fa jẹjẹrẹ, nítorí náà aláwọ̀ ọsàn ló pọ̀ báyìí, tó ń di àwọ̀ ewé bó bá ti mumi. Irú rẹ̀ wà ládùúgbò mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé. Mo kọ lẹ́tà, mo sì fi ẹsẹ̀ mi gbé e lọ bá iléeṣẹ́ iná.