Kìnnìún Tó Dọ̀bálẹ̀ Dúpẹ́

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Domenico Jacobacci, ọmọ ìlú Róòmù, kò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ní 1659, ó ní kí wọ́n fi idẹ rọ mẹ́dàlì kan fún Póòpù Alexander Keje. Bernini, ọ̀gá àwọn agbẹ́re ayé ìgbà náà, ló ya àwòrán rẹ̀. Travani ló rọ ọ́.

Kí ni Póòpù wá ṣe? Ní 1656, àjàkálẹ̀ àrùn wọ Naples, ó pa bí ìdajì àwọn ará ìlú náà. Ibẹ̀ ló gbà dé Róòmù. Ni Póòpù bá ní kí wọ́n ti ẹnubodè, kí wọ́n kó àwọn aláìsàn lọ sí erékùṣù àárín odò Tiber. Nígbà tí àrùn náà fi máa rọlẹ̀ ní 1657, òkú Róòmù tó bí 15,000. Ó pọ̀ o, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi wé ti Naples? Ìlú ní àwọn yóò gbé ère Póòpù ró, ó kọ̀. Mẹ́dàlì ni Jacobacci fi dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó wàyí. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Póòpù ló wà ní ojú kìíní. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí Androcles àti kìnnìún. Ìtàn àtijọ́ ni. Ẹrú ni Androcles, ó sá fún ọ̀gá rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì bá kìnnìún kan yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n jù ú sí ẹranko ní Róòmù kó pa á jẹ. Àṣé kìnnìún ọjọ́sí ni! Dípò kó fà á ya, ńṣe ló ń lá a lẹ́sẹ̀.

Lórí idẹ náà, ọkùnrin dúró gbọnrangandan, kìnnìún sì wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan dúró, èkejì dọ̀bálẹ̀: Yorùbá wo ló nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn? Ọ̀rọ̀ Látìnì tó wà lórí rẹ̀ ní ẹranko ẹhànnà pàápàá a máa rántí oore. Póòpù ni Androcles. Ẹni tó ń dúpẹ́ ni kìnnìún.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò dáadáa. Àrùn náà dà? Kò sí òkú níbẹ̀, kò sí ẹnubodè títì. Àwọn ará Trastevere tí wọ́n sé mọ́ àdúgbò wọn ńkọ́? Àwọn tó ń gbé aláìsàn àti òkú ńkọ́? Idẹ kékeré kò gba èrò, òótọ́ ni. Ẹni tí a bá sì yàn sí i nìkan ni ayé yóò máa rántí.

Androcles fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹ̀gún. Ní Róòmù, Póòpù ló pàṣẹ, ọwọ́ àwọn mìíràn ló kan ẹ̀gún náà. Àṣẹ rere ń gba ẹ̀mí là, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ aláṣẹ kò burú. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá fẹ́ rọ mẹ́dàlì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ọwọ́ ta ló kan ẹ̀gún?